Iwin, Àhesọ àti Ìjiyàn Ẹ̀sìn ní Àkúrẹ́: Àwọn Ìbéèrè tí Àwọn Èèyàn Máa Ń Bi Wá

Ṣé aláìgbàgbọ́ nìkan ló lè ṣe irú ìwádìí iwin, àhesọ àti iṣẹ́ ìyanu yìí?

Rárá. Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe é, mùsùlùmí ń ṣe é, oníṣẹ̀ṣe ń ṣe é, ẹni tí kò sin ohunkóhun náà ń ṣe é. Kì í ṣe bóyá Ọlọ́run wà là ń yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tó ní ọjọ́, tó ní ibi, tó sì ní ẹni tó ṣojú rẹ̀ là ń yẹ̀ wò: "obìnrin kan tó ti kú ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba", "omi yìí di ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wòlíì fọwọ́ kàn án", "ẹni tó bá gbé ìpè nọ́ńbà yìí yóò kú". Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ irọ́, a sì lè mọ èyí tó jẹ́.

Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni kí èèyàn máa béèrè ẹ̀rí. A kò gbà. Tai Solarin, tó dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, ọmọ Yorùbá sì ni títí ó fi kú ní 1994. Àwọn àgbà tó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà èèyàn ni, ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè.

Wọ́n ní ilé kan ní iwin. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dọ̀ ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i. Bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ní àbúrò ọ̀rẹ́ òun ló rí i, ẹ ní kó mú yín lọ bá a. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí, torí àbúrò ọ̀rẹ́ náà á ní òun náà gbọ́ ọ ni.

Bí ẹlẹ́rìí bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀ sọ ọ́. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá ti jọ sọ ìtàn náà lẹ́ẹ̀mẹta, ìtàn wọn á ti di ọ̀kan, ẹ ò sì ní mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí mọ́.

Ẹ béèrè aago tó lù, bóyá iná wà, ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín ẹni náà àti ohun tó rí, bó ṣe pẹ́ tó tó fi wò ó, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ni, àti ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún un pé ilé náà ní iwin. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló wúlò jù, torí ẹni tí wọ́n bá ti kì nílọ̀ á ka gbogbo ohun tó bá dún sí iwin. Ẹ má bi í pé "ṣé aṣọ funfun ló wọ̀?" Ẹ bi í pé "kí lẹ rí?" kí ẹ sì dákẹ́.

Ẹsẹ̀ ń rìn lórí àjà wa lóru. Kí ló lè fà á?

Páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Irin máa ń gùn sí i nígbà tí oòrùn bá pa á, ó sì máa ń sún kì nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Páànù onírin tó gùn ní mítà 6, tí ooru ara rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 30°C lọ sílẹ̀, yóò sún kì ní nǹkan bíi mìlímítà 2. Ti alumíníọ̀mù yóò sún kì ní bíi mìlímítà 4. Ìṣó tó dè é mọ́ igi kì í jẹ́ kó sún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Yóò dì mú, yóò fà, yóò wá já lẹ́ẹ̀kan náà: kọ̀. Ìṣó tó tẹ̀lé e náà á já: kọ̀. Bí ìró ṣe ń ti ìṣó kan bọ́ sí èkejì ló ń mú kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbà pé ẹnì kan ń rìn. Ó máa ń pọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ó sì máa ń pọ̀ sí i nígbà ọyẹ́, torí ọ̀sán gbóná, òru sì tutù.

Láti mọ̀ bóyá òun ni, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ aago tí ìró kọ̀ọ̀kan dún, kí ẹ sì kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́sàn-án. Bí ìró bá dín kù lálẹ́ ọjọ́ tí oòrùn kò ràn, páànù ni.

Bó bá ń dún títí di ìdájí, ẹranko ni kí ẹ wá. Ẹ ku eérú sórí pátákó pẹlẹbẹ, kí ẹ rọra gbé e sórí àjà lálẹ́. Ẹ má lo èlùbọ́ tàbí gààrí, eku á jẹ ẹ́, ipa ẹsẹ̀ á sì dàrú. Láàárọ̀, ìka eku, àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò tàbí èékánná òwìwí yóò hàn níbẹ̀. Òwìwí olójú funfun fẹ́ràn àjà ilé, igbe rẹ̀ sì burú létí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Eku ilé yín ló ń jẹ.

Madam Koi-Koi, iwin tíṣà oníbàtà gogoro tí wọ́n ní ó ń rìn kiri àwọn ilé-ìwé lóru, ńkọ́?

Ìtàn kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń sùn ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì ń sọ káàkiri Nàìjíríà, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì ń sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni tíṣà oníbàtà gogoro náà ti ṣiṣẹ́. Obìnrin kan kò lè kọ́ ọmọ ní gbogbo ibẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ hàn yín nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́.

Igbe ọmọ jòjòló ń jáde láti inú igbó lóru, ènìyàn kò sì sí níbẹ̀.

Nínú igbó àti oko kòkó tó yí Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó ká, ẹ wá òfàfà. Ẹranko orí igi ni, kò tóbi ju ehoro lọ, àmọ́ igbe rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́wẹ́, á máa ga sí i, á sì parí sí igbe ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Èkejì ni ẹranko kékeré olójú ńlá tí wọ́n ń pè ní bush baby, tó ń fò láti ẹ̀ka sí ẹ̀ka. Igbe tirẹ̀ ló jọ ti ọmọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti so ó mọ́ ìtàn egbére tó ń sunkún kiri pẹ̀lú ẹní.

Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú yín, kì í ṣe ní ìbàdí, kí ẹ sì tàn án sórí igi díẹ̀díẹ̀. Ojú ẹranko náà yóò dá iná padà ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí tọ́ọ̀ṣì bá wà nísàlẹ̀, iná tó ń padà bọ̀ kò ní dé ojú yín, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọdẹ àgbà kan lè fi igbe nìkan mọ èyí tó jẹ́. Ẹ mú un dání.

Nǹkan wúwo kan tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè sọ̀rọ̀, mo sì rí i tó dúró tì mí. Ṣé irọ́ ni mò ń pa?

Ẹ kò purọ́. Ohun tí ẹ rí, ẹ rí i. Bí èèyàn bá ń lá àlá, ọpọlọ máa ń dá iṣan ara dúró kí ó má baà fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ohun tó ń lá. Nígbà mìíràn, ojú á là kí iṣan tó padà sípò. Ara kò ní lè mira, àyà á wúwo, àlá á sì máa bá a lọ nínú yàrá tí ẹ fojú rí. Àwọn kan ń pè é ní ogun òru. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, kì í sì í pani. Àìsùn tó, iṣẹ́ òru, àti fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn máa ń fà á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí ẹ máa sùn ní aago kan náà. Bó bá dé, ẹ má bá gbogbo ara jà. Ẹ gbìyànjú láti mi ìka ẹsẹ̀ kan péré. Bí oorun bá tún ń gbé yín lọ lójijì lọ́sàn-án, ẹ rí dókítà.

Gbogbo ará ilé ń rí nǹkan, orí ń fọ́ wọn, èébì ń gbé wọn.

Ẹ jáde kúrò nínú ilé náà nísinsìnyí, kí ẹ tó kà síwájú. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí fèrèsé, ní kọ́ríndọ̀ tàbí lẹ́yìn ilé, afẹ́fẹ́ carbon monoxide ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó máa ń fọ́ni lórí, ó máa ń dàrú ọkàn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ní 1921, dókítà ojú ará Amẹ́ríkà kan, William Wilmer, kọ nípa ìdílé kan tó ń gbọ́ ẹsẹ̀, tó sì ń rí òkú nínú ilé wọn. Ẹ̀rọ amúlégbóná tó bàjẹ́ ló ń tú afẹ́fẹ́ yìí sínú ilé. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé ní mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú síta. Àwọn tó ní ilé àdúrà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó lọ sílé ìwòsàn ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́, a ò sì ní fi ọ̀rọ̀ yìí bò fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn róbótó funfun inú fọ́tò wa ńkọ́?

Eruku tàbí ẹ̀kán omi tó wà nítòsí lẹ́ńsì, tí iná fóònù tàn sí. Ẹ ya fọ́tò kan náà pẹ̀lú iná àti láìsí iná.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, àmọ́ nọ́ńbà rẹ̀ tún ń yọ lórí WhatsApp pẹ̀lú fọ́tò ẹlòmíràn. Ṣé àkúdàáyà ni?

Ilé-iṣẹ́ fóònù ti tún nọ́ńbà náà tà ni. Lábẹ́ òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ fóònù, síìmù tí kò ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 ni wọ́n lè pa, bí oṣù 6 mìíràn bá sì tún kọjá, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Ẹ wo ọjọ́ tí ẹni yín kú, kí ẹ ka oṣù náà.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n rí òkú lójúkojú ní ìlú mìíràn, ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi lé ọwọ́: ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn, tàbí láti ilé ìwòsàn, ẹni tó wà níbi ìsìnkú tó sì rí ojú òkú, àti fọ́tò ẹni tí wọ́n rí níbi tó wà báyìí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fọ́tò ni kì í wà. Bó bá wà, ẹ wo etí. Bí etí ṣe tẹ̀ kì í sábà bára mu láàárín àwọn tó jọra lásán.

Ṣé òótọ́ ni pé ipa ẹsẹ̀ Agbóògún, ihò tó wà nínú òkúta lórí òkè Ìdànrè, gba gbogbo ẹsẹ̀, àyàfi ti àjẹ́?

Apá àkọ́kọ́ ṣeé yẹ̀ wò. Kí ẹ tó gun òkè, ẹ kọ ohun tí "gbà" túmọ̀ sí sílẹ̀: fún àpẹẹrẹ, kí ìka àti gìgísẹ̀ má kọjá etí ihò náà, kí àyè tó ṣẹ́kù má sì ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ohunkóhun ni wọn yóò pè ní gbígbà. Ẹ fi téèpù wọn gígùn àti ìbú ihò náà, kí ẹ fi bírò fa ẹsẹ̀ àwọn tó tẹ̀lé yín sórí páálí, láti ẹni tó ń wọ bàtà 36 títí dé ẹni tó ń wọ 45. Ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì yìí tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ihò kan kò lè bá àwọn méjèèjì mu lábẹ́ ìwọ̀n tí ẹ kọ yẹn, nítorí náà ohun tí téèpù bá sọ ni kí ẹ kọ.

Apá kejì, a kò ní bá ẹnikẹ́ni dán an wò. Ẹ má mú ìyá àgbà kankan lọ síbẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá àjẹ́ ni. Ogún àwọn ará Ìdànrè sì ni òkè náà: ẹ bá amọ̀nà lọ, ẹ má fi nǹkan ha òkúta, ẹ má da ọ̀dà sí i.

Kí ló gbẹ́ ihò ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ní 2020?

Ní òru mọ́jú 28 March 2020, ìbúgbàù ńlá ṣẹlẹ̀ nítòsí Ìlú Àbọ̀, ó wó ilé, ilé-ìwé àti ilé ìjọsìn. Ìjọba ní ọkọ̀ tó ń gbé nǹkan abúgbàù fún ilé-iṣẹ́ òkúta ló bàjẹ́ síbẹ̀ tó gbiná. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti OAU ní Ifẹ̀ wọn ihò náà, ó ní ó fẹ̀ ní mítà 21, ó jìn ní mítà 7.8, ó sì ní òkúta láti ojú ọ̀run ló bọ́ síbẹ̀. Àwọn èèyàn pín sí méjì, ohun tí kálukú sì ń béèrè ni ẹni tí òun lè gbà gbọ́, ìjọba àbí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìbéèrè yẹn kò mú ẹnikẹ́ni débì kan. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni ohun tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ òkúta ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lójú sánmà yóò hàn sí àwọn ará Ọ̀wọ̀, Adó-Èkìtì àti Ifẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àfọ́kù òkúta tí kò jọ ti àdúgbò yóò sì wà nínú erùpẹ̀. Bó bá jẹ́ nǹkan abúgbàù, irin ọkọ̀ tó fọ́ wẹ́wẹ́ yóò fọ́n ká, ìyókù kẹ́míkà rẹ̀ yóò wà nínú erùpẹ̀, ìwé àṣẹ ẹrù àti àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yóò sì ṣeé rí. Tiwa ni pé ọkọ̀, ìwé àti ẹlẹ́rìí ṣeé wá rí ní kíákíá ju òkúta ojú ọ̀run lọ, ibẹ̀ ló sì yẹ kí oníwàádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fojú mi rí wòlíì tó sọ omi di ẹ̀jẹ̀.

Ẹ po atalẹ̀ pupa díẹ̀ mọ́ omi nínú ife tó mọ́lẹ̀, yóò pọ́n bí òdòdó ìyeyè. Ẹ rẹ kaún sínú omi mìíràn, kí ẹ sẹ́ ẹ, yóò mọ́ gaara. Ẹ da omi kaún sínú ti atalẹ̀: yóò di pupa dúdú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò tún padà di òféèfèé. Bí kò bá pọ́n dáadáa, kaún kò tó tàbí atalẹ̀ náà ti pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi tàn yín jẹ yóò ti fi ọ̀kan nínú wọn pa ọwọ́ tàbí ìsàlẹ̀ ife tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé ife àti omi tiyín wá, kí ẹ sì ní kí ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́.

Iná tó ń jó fúnra rẹ̀ lórí pẹpẹ sábà máa ń jẹ́ potassium permanganate tí wọ́n kán glycerine sí. Kì í jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àdúrà sì ni wọ́n fi ń dí àárín àsìkò yẹn. Bí hóró rẹ̀ bá tóbi tàbí ojú ọjọ́ bá tutù, àdúrà náà á gùn. Ẹ má dán an wò nínú ilé.

Ti ẹsẹ̀ kúkúrú tó gùn, ẹ wo bàtà, kì í ṣe ẹsẹ̀: wọ́n á fa gìgísẹ̀ bàtà kan jáde díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá tì í padà. Ẹ ní kí ẹni náà bọ́ bàtà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ti wòlíì tó ń pe orúkọ àti àdúgbò èèyàn, ẹ rántí ìwé tí wọ́n fún yín kọ lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1986, James Randi, onídán tó ń tú àṣírí àwọn ẹlẹ́tàn, fi rédíò gbá ohùn tó ń wọ etí oníwàásù ará Amẹ́ríkà kan, Peter Popoff, mú lórí 39.17 MHz: ìyàwó rẹ̀ ló ń ka káàdì àdúrà àwọn èrò sí i létí. Láti 2004 ni NBC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ti ní kí àwọn tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà má fi iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí hàn mọ́.

Báwo ni mo ṣe lè dán aríran wò láìrẹ́ ẹ jẹ, tí òun náà kò sì ní rẹ́ mi jẹ?

Ẹ bá a ṣe àdéhùn lórí ìwé. Abọ́ 5 tó jọra, tí a dojú wọn dé. Owó ẹyọ kan lábẹ́ ọ̀kan. Ẹnì kan ju dáìsì láti mọ abọ́ tí yóò fi í sí (bí 6 bá jáde, kó tún un jù), ó fi í sí i, ó sì kúrò nínú yàrá. Ẹlòmíràn tí kò mọ ibi tí owó wà ló ń mú aríran wọlé. Ìgbà 20. Ẹni tó kàn ń mú èyí tó bá wù ú yóò gba nǹkan bíi 4. Kó tó lè gba 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú oríire lásán, ìgbà bíi 3 ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ 1,000. Ẹ jọ fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ pé 10 ni ààlà.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́: owó tó ń dún lára abọ́ (ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀), abọ́ tó ní àmì, ẹni tó mọ ibẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń wò ó, àti dídá a dúró nígbà tí aríran bá ń gbà á dáadáa tàbí tí kò bá gbà á. Randi fi owó lélẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣe irú nǹkan báyìí láti 1964, ó di mílíọ̀nù kan dọ́là kó tó parí ní 2015. Kò sí ẹni tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lórí WhatsApp pé kí a yára fi ránṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi ránṣẹ́ títí ẹ ó fi rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá fídíò dúró níbi tí pátákó, nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí aṣọ ọlọ́pàá ti hàn, kí ẹ ya á, kí ẹ fi wá a nínú Google Lens. Ọ̀pọ̀ fídíò "Àkúrẹ́ lónìí" ni yóò jáde láti ìlú mìíràn, ní ọdún mìíràn.

Ní July 2004, wọ́n ní àwọn nọ́ńbà fóònù kan ń pa ẹni tó bá gbé e. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ní January 2009, àwọn ọlọ́dẹ mú ewúrẹ́ kan lọ fún ọlọ́pàá ní Kwara, wọ́n ní olè ọkọ̀ ló para dà. Ní August 2014, wọ́n ní kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún nítorí Ebola, àwọn èèyàn sì kú nítorí iyọ̀ náà. Ní December 2019, níbí ní Àkúrẹ́, àhesọ lọ káàkiri pé wọ́n hú òkú ọmọdé tó sọnù lábẹ́ pẹpẹ ilé ìjọsìn kan. Àwọn èrò jó ilé náà. Ọlọ́pàá ní wọn kò rí òkú kankan níbẹ̀. Ìyà àwọn òbí ọmọ náà kì í ṣe irọ́, ọmọ sọnù lóòótọ́. Ìdí gan-an nìyẹn tí ibi tó ti sọnù kò fi yẹ kó di eérú kí oníwàádìí tó parí iṣẹ́.

Wọ́n ń na ẹnì kan lọ́jà, wọ́n ní àjẹ́ ni, tàbí pé ó gba nǹkan ọkùnrin ẹlòmíràn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pe 112. Ẹ má bá èrò jiyàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí, wọn kò ní gbọ́. Ẹ ní kí a gbé àwọn méjèèjì, ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ni àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí dókítà sì yẹ ẹni tó ń pariwo wò nínú yàrá. Ẹ̀rù máa ń mú kí ẹran ara ibẹ̀ sún kì, kì í gbé e lọ. Dókítà á bá a níbẹ̀. Ní 2001, àwọn èrò pa èèyàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lórí irú ẹ̀sùn yìí. Abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ máa gbé ẹni náà kúrò láàárín èrò.

Ṣé a lè ṣe ìjiyàn ẹ̀sìn ní gbangba láìfa ìjà?

Ó ṣeé ṣe bí ìbéèrè bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì hàn. "Ẹ̀sìn wo ló dára jù" kì í ṣe ìbéèrè, ìjà ni. "Ǹjẹ́ ó yẹ kí wòlíì gba owó kó tó gbàdúrà fún aláìsàn?" ṣeé jiyàn lé lórí. Kí apá kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 15, ìdáhùn ìṣẹ́jú 7, kí ẹni tó ń bójú tó o má jẹ́ ti apá kankan. Kí apá kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ ohun tí èkejì gbà gbọ́, títí tí èkejì yóò fi ní "bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo wí nìyẹn", kó tó tako ó. Èyí ló ń fi ìṣẹ́jú ṣòfò jù, òun náà ló sì ń dín ìbínú kù jù. Àwọn ará ìlú kọ ìbéèrè sórí ìwé. Ẹ má gbé máíkì kiri.

Abala 38 ìwé òfin 1999 fún gbogbo wa ní òmìnira èrò àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí i padà. Abala 39 fún wa ní òmìnira ọ̀rọ̀. Àmọ́ abala 204 òfin ìwà ọ̀daràn ṣì ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi ẹ̀sìn ẹlòmíràn wọ́lẹ̀. Mubarak Bala, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Humanist Association of Nigeria nígbà náà, ni wọ́n mú ní April 2020 nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ilé ẹjọ́ ní Kano rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24 ní 2022, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dín in sí 5 ní 2024. Ìyà yẹn pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ ẹnu, a sì ń sọ ọ́ ní gbangba.

Bí mo bá wádìí títí tí mi ò rí ìdí rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kọ "a kò tíì mọ̀" sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò. Àìmọ̀ yín kò sọ ọ́ di iwin.

Kí ni kí n kó dání lọ sí ilé tí wọ́n ní iwin wà?

Tọ́ọ̀ṣì méjì àti bátìrì tuntun, téèpù ìwọ̀n, ìwé àti bírò, fóònù tí ẹ ti gba agbára sí tán, páwà báǹkì, eérú nínú ike olómọrí, bàtà róbà tó dé orúnkún nítorí ejò, àti ẹnì kejì. Ẹ ṣètò aago gbogbo fóònù kí wọ́n bára mu kí ẹ tó wọlé. Kí ẹ gba ìyọ̀ǹda onílé lórí ìwé, kí ẹ sì sọ fún baálẹ̀ tàbí àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, torí ẹni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì kiri nínú ahoro ní aago méjì òru, olè ni wọn yóò pè é.